Aṣọ Tó Ń Fà, Ọmọbìnrin Tó Ń Fò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn òbí ní ìhà àríwá Èkìtì wa níhìn-ín, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ títí dé Ìdó, nígbà tí ọmọbìnrin bá sọ pé wọ́n ti yan òun mọ́ àwọn tí yóò gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́. Eré náà kọ́ ni wọ́n ń bá jà, bí kò ṣe ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan. Mo ti rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí bọ́ọ̀lù, tó wá di ẹni tí ń ṣọ́ àpò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí aṣọ nìkan ṣoṣo.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí eré yìí ń béèrè lọ́wọ́ ara. Ọdún 1895 ni William G. Morgan dá a sílẹ̀ ní ìlú Holyoke, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ eré ìdárayá tí kò le tó bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, eré ọ̀hún ti le sí i. Àwọ̀n tí àwọn obìnrin ń lò ga tó mítà 2.24, ó ga ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ilé wa lọ. Ọmọbìnrin ní láti fò kí ọwọ́ rẹ̀ ré kọjá orí àwọ̀n, kó balẹ̀, kó lóṣòó, kó sì tún ju ara rẹ̀ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà kan ilẹ̀.

Aṣọ tí kò fà kò lè bá a dé ibẹ̀. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun lágbára, ó sì ń pẹ́ lára, ṣùgbọ́n àwọn òwú rẹ̀ dábùú ara wọn débi pé kò sí àyè fífà fún un. Ní ọdún 1958 ni Joseph Shivers, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ DuPont, ṣe òwú tí à ń pè ní spandex, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Lycra. Apá kan òwú náà rọ̀, ó sì ká jọ. Apá kejì le. Bí a bá fà á, apá tó rọ̀ yóò nà tàntàn, apá tó le yóò sì dì í mú kó má baà já. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò ká padà. Díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ pólíẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù, díẹ̀ náà sì tó, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ òwú yìí tó ní kí aṣọ kúrú. Fífà ni àǹfààní rẹ̀. Gígùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Àjọ FIVB tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, nítorí àṣà àti ẹ̀sìn, ó fàyè gba àwọn obìnrin tó ń gbá a lórí iyanrìn láti wọ ṣòkòtò tó sún mọ́ orúnkún àti ẹ̀wù alápá. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Rio lọ́dún 2016, Doaa Elghobashy ti Íjíbítì wọ híjáàbù, ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn. Òun àti Nada Meawad kojú àwọn ará Jámánì tó gba góòlù níkẹyìn. Wọ́n pàdánù, ṣùgbọ́n aṣọ kò lé wọn kúrò lórí pápá.

Ẹ̀yin ìyá tí ń lọ sí ìdí òkìrìkà lọ́jọ́ ọjà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá padà sípò kíá, ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀; bí ó bá dẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti kú. Ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀: bí ẹ bá rí ọwọ́ yín kedere láti òdìkejì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo pápá yóò ṣe rí ara ọmọ yín nígbà tó bá lóṣòó. Bí télọ̀ ni yóò rán an, ẹ ní kí ó rán an ní kọ́lọkọ̀lọ, nítorí ojú ìránṣọ tó gún gbọọrọ kò fà, yóò sì já lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má da jíìkì sí i, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a síbi ibòòji.

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, bí ọmọ kan bá wọ gígùn láàárín àwọn tó wọ kúkúrú, yóò dà bí ẹni tí a yà sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wọ irú kan náà, èyí tí òbí tó le jù lọ lè fara mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tí ara rẹ̀ fẹ́, nítorí ọmọ tó dákẹ́ lè má fara mọ́ aṣọ tí a gbé wọ̀ ọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé; ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti pa eré tì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ṣòro kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ìdajì mítà aṣọ kéré jù láti gba eré lọ́wọ́ ọmọ ẹni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.