Ọ̀yọ́ Ṣí, Wimbledon Kò Ṣí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kì í fẹ́ bá ènìyàn jiyàn bọ́ọ̀lù, nítorí iyàn bọ́ọ̀lù kì í tán bọ̀rọ̀, ìdánwò sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ẹnu ọ̀rẹ́ mi kan jáde ní gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ wa ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ohun tí a ń sọ ni ti àwọn ará Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ sí ìlú mìíràn, tí wọ́n sì kọ̀ láti gbàgbé. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni ó ń pa àwọn aláìríṣe wọ̀nyí lẹ́kún? Ẹni tí ó ni ẹran ni ó fa ẹran rẹ̀ lọ. Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá ṣí. Ta ni ó wí pé Ọ̀yọ́ kì í ṣe Ọ̀yọ́ mọ́?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ wa kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà pàtẹ́wọ́. Èsì tí ó yẹ kí n fọ̀ kò wá sí mi lẹ́nu títí mo fi dé orí ibùsùn, ìdí nìyí tí mo fi mú gègé lọ́wọ́.

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ ìtàn náà kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní 1889 ni àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Wimbledon. Láti 1912 ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tí à ń pè ní Plough Lane. Ẹgbẹ́ àdúgbò lásán ni. Ọdún 1977 ni a tó gbà wọ́n sínú líìgì àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1986, wọ́n ti gun àkàbà náà dé òkè pátápátá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, 1988, wọ́n pàdé Liverpool ní Wembley nínú àṣekágbá ife FA, Liverpool tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ọdún náà tán. Lawrie Sanchez fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí Liverpool rí pẹnáritì gbà, Dave Beasant, gólì Wimbledon, fò sọ́wọ́ òsì, ó sì ta á dànù. Kò sí gólì kan tí ó ṣe irú rẹ̀ rí nínú àṣekágbá ife náà ní Wembley. John Fashanu, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá, wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Bí eré ti parí nìyẹn, ọ̀kan sí òdo.

Ọdún 3 lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ tí ó gba ife di ayálégbé. Àjálù Hillsborough ti 1989 ti mú kí òfin wá pé kí gbogbo ènìyàn máa jókòó wo bọ́ọ̀lù ní àwọn pápá ńlá, Plough Lane sì ti gbó jù fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sùn lọ́dọ̀ Crystal Palace ní Selhurst Park ní 1991. Ní 1998 a ta Plough Lane fún ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Ní 2001 àwọn olówó ẹgbẹ́ náà kéde pé Milton Keynes ni àwọn ń kó lọ, ìlú titun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1967, tí ó tó nǹkan bí máìlì 56 sí Wimbledon. Ènìyàn 3 ni a yàn láti dá ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, 2002, méjì wí pé kí wọ́n máa lọ, ọ̀kan wí pé rárá. Wọ́n tilẹ̀ fi kún un pé bí àwọn alátìlẹ́yìn bá lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Wimbledon, èyí kò ní ṣe bọ́ọ̀lù lápapọ̀ láǹfààní. Ní oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n kó ẹrù.

Wàyí o, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí a padà sí Ọ̀yọ́ tìrẹ. Òótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ ṣí. Ogun ni ó lé wọn, kì í ṣe èrè. Nígbà tí Àtìbà sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, kí ni ó bá a débẹ̀? Oyè bá a débẹ̀, òrìṣà bá a débẹ̀, arókin tí ń ka orúkọ àwọn Aláàfin bá a débẹ̀, ìyá arúgbó náà sì wà níbẹ̀ tòun ti ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, olúkúlùkù gbé orúkọ ìlú rẹ̀ rù wá: ará Aké tẹ Aké dó, ará Kémta tẹ Kémta dó, ará Ìtòkò tẹ Ìtòkò dó. Ènìyàn ni ó ṣí, orúkọ sì tẹ̀lé ènìyàn. Ti Wimbledon kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni a gbé lọ, ènìyàn dúró. Ká ní Aláàfin kan di adé mọ́ inú àpò lóru, tí ó gbé e lọ fún àwọn ará ibòmíràn tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí, nítorí pé wọ́n fi ilẹ̀ àti ààfin titun lọ̀ ọ́, tí ó sì fi gbogbo ará Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, ǹjẹ́ ìwọ tí ò ń pàtẹ́wọ́ yìí yóò pe ibi tí ó sá lọ ní Ọ̀yọ́ bí?

Ọ̀rẹ́ mi yóò sọ pé owó ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù. N kò ní purọ́: ní Selhurst Park, àga tí ó ṣófo pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, gbèsè sì wà lọ́rùn ẹgbẹ́ náà. Olówó tí ń pàdánù owó lójoojúmọ́ ní ẹjọ́ láti rò. Ṣùgbọ́n kí ni ó rà gan-an? Ó ra ìwé àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó ra àyè wọn nínú líìgì. Kò ra 1889. Ẹni tí ó ra aṣọ eégún kò ra baba àwọn tí ń gbé e. Bí ó bá sì rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó bi àwọn tí ó kó o lọ. Ní 2004 wọ́n yí orúkọ padà sí Milton Keynes Dons. Ní 2007 wọ́n dá àwòkọ ife 1988 àti àwọn ẹ̀yẹ mìíràn padà fún ìjọba ìbílẹ̀ Merton, níbi tí Wimbledon wà, wọ́n sì gbà pé ìtàn àtijọ́ náà kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó dá nǹkan padà ti jẹ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Àwọn "aláìríṣe" tí ọ̀rẹ́ mi ń fi ṣe ẹlẹ́yà ńkọ́? Wọn kò jókòó sunkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ìdájọ́ náà jáde, wọ́n pe ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kí ó wá dán ara rẹ̀ wò lórí pápá gbangba Wimbledon Common, àwọn tí ó wá sì lé ní 200. Ẹgbẹ́ wọn titun, AFC Wimbledon, bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹsàn-án, níbi tí ajá ti lè kọjá láàrin pápá nígbà tí eré ń lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́, ní Sutton ní oṣù Keje 2002, wọ́n na wọ́n ní 4 sí òdo, ènìyàn tí ó ju 4,000 lọ sì wá wò ó. Ẹ rò ó wò! Ní 2011 wọ́n padà sínú líìgì àgbà. Ní 2016, ní Wembley, Adebayo Akinfenwa, ọmọ tiwa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, gbá pẹnáritì wọlé ní ìparí eré láti fi èdìdì dì í pé wọ́n gòkè lọ sí ìpele kẹta. Àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn yá ẹgbẹ́ náà ní ohun tí ó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ láti fi parí pápá titun, ní Plough Lane kan náà, ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, 2020 ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àrùn kòrónà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wò ó. Àwọn tí ó dúró fún ọdún 29 tún ní láti dúró sí i.

Ohun kan wà tí n kò bá wọn fọwọ́ sí. Ní 2017 wọ́n kọ̀ láti kọ orúkọ ẹgbẹ́ Milton Keynes ní kíkún sínú ìwé eré wọn. Ọmọ tí a bí sí Milton Keynes ní 2005, tí baba rẹ̀ mú lọ wo bọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀, kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni gbé. Ìbínú sí olówó kò yẹ kó kan ọmọdé.

Wọn kì í ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí a fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ẹgbẹ́ Colts kúrò ní Baltimore ní Amẹ́ríkà lóru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta 1984 (bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa), àwọn onífèrè àti onílù ẹgbẹ́ náà kò bá wọn lọ. Wọ́n ń lu ìlù wọn kiri fún ọdún 12 láìní ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n ń lù ú fún, títí ẹgbẹ́ mìíràn fi dé sí ìlú náà ní 1996.

Àwa ńkọ́? Leventis United ti Ìbàdàn gba ife Challenge Cup ní 1984 àti 1986. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín tú u ká, ó tú ká náà nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ kù sí ẹnu àwọn àgbà. Shooting Stars wà síbẹ̀, tí ó gba ife Áfíríkà wá sílé fún wa ní 1976, àga tí ó ṣófo sì ń wò wọ́n nígbà tí àwa ń bá ara wa jà nítorí Arsenal àti Chelsea. Aṣọ Arsenal ni ọ̀rẹ́ mi wọ̀ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi dùn ún, nítorí Arsenal pàápàá, òdì kejì odò Thames ni ilé rẹ̀ wà kí ó tó kó lọ sí Highbury ní 1913.

Bí ó bá ní èsì, kí ó kọ ọ́ wá sínú ìwé wa yìí. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ pápá Adámásingbà, nítorí ó dá mi lójú pé kò débẹ̀ rí.