Ẹ má sọ fún ìyá aláìsàn pé a fẹ́ "jí jíìnì" ọmọ rẹ̀

Àwọn kan lè bi wá pé kí ló kan àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè nínú ọ̀rọ̀ DNA, tí a kò fi dúró sórí ohùn àti gírámà tiwa. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá dákẹ́, tara wa á bá wa dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn dókítà wa ń pè ní drépanocytose, ṣe àpẹẹrẹ. Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́. Kódà, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi DNA tí àrùn náà ń bá rìn ni àwọn onímọ̀ sọ ní "Benin", òwò ẹrú sì gbé e dé Brazil. Ohun tó ń fà á kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ: nínú jíìnì tó ń ṣe hẹ̀mọ́glóbìn àgbàlagbà, GAG di GTG. Àwa tí a mọ̀ pé ohùn kan ṣoṣo ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n bí èdè kì í ti ṣe lẹ́tà nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni DNA. Èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo gùn tó mítà méjì, inú ibi tí ojú lásán kò lè rí ló sì ká kò sí. Níbi tó ti ká kò bẹ́ẹ̀, ibi ìdarí tó jìnnà sí jíìnì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà lè wá fara kàn án, kó sì rán an níṣẹ́. Ní 2014, Erez Lieberman Aiden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àwòrán nǹkan bí 10,000 irú ìkákò bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ìdí ọ̀pọ̀ wọn, ojú ibi méjì wà tí púrótéènì CTCF ń dì mú, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń kọjú síra wọn bí àmì àkámọ́. Àwọn ìwádìí 2015 fi hàn pé bí a bá pa ọ̀kan rẹ́ tàbí tí a yí i sódì, ìkákò náà lè tú. Ṣé a rí i? "Ajá gé Òjó jẹ" kì í ṣe "Òjó gé ajá jẹ", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ọmọ inú oyún ní hẹ̀mọ́glóbìn tirẹ̀, jíìnì mìíràn ló ń ṣe é. Lẹ́yìn ìbí, ìkákò á fi jíìnì yẹn sílẹ̀, á lọ bá ti àgbàlagbà. Ti ọmọ inú oyún kò bàjẹ́, oorun ló ń sùn. Ní 2012, Gerd Blobel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so púrótéènì Ldb1 mọ́ ohun èlò kan tó mọ ojú ibi pàtó lórí DNA, wọ́n sì fi fa ìkákò wá sọ́dọ̀ jíìnì tí wọ́n fẹ́. Ní 2014, wọ́n fi ọgbọ́n yìí ta jíìnì ọmọ inú oyún jí nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ní ilé ìwádìí. Wọn kò yí lẹ́tà kankan padà nínú jíìnì hẹ̀mọ́glóbìn náà.

Ọ̀nà mìíràn ni ìwòsàn Casgevy gbà, èyí tí Britain fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún náà. Òun ń gé ibi ìdarí jíìnì BCL11A, jíìnì tó ń mú ti ọmọ inú oyún sùn. Gígé lẹ́tà nìyẹn, kì í ṣe fífa ìkákò lásán. Owó tí wọ́n bù lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là.

Ibí ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Tí ògbufọ̀ bá sọ fún ìyá ọmọ pé "a fẹ́ jí jíìnì ọmọ yín", kí ni ìyá náà máa gbọ́? Jí tí í ṣe ti oorun àti jí tí í ṣe ti olè, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀rù á bà á, kò sì jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a sọ pé "ta jíìnì jí". Àwọn kan nínú wa fẹ́ pe ìkákò ní "ojóbó". Òótọ́ ni pé ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ojóbó tí ọrùn kò wá sí i lọ́kàn? Èyí tó tún burú jù ni pé kí a máa pe ọ̀nà méjèèjì ní "títún jíìnì ṣe". Ọ̀kan ń gé, èkejì kò gé. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn kò tíì fọwọ́ sí ohunkóhun, bó tilẹ̀ tẹ̀ka sórí ìwé.

Ẹlòmíràn á ní, "Ta ní mílíọ̀nù dọ́là nílé wa? Kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kí oògùn tó dé, ìwádìí ló máa ń kọ́kọ́ dé, ìwádìí sì ń béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí àwa kò bá ti wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ sílẹ̀, ìwé Faransé ni wọ́n á ka sí àwọn òbí wa létí, wọ́n á sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa gbé "ìkákò", "ibi ìdarí" àti "ta jíìnì jí" lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ bi àwọn ìyá wa àti àwọn ọlọ́jà léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nínú wọn. Èyí tí wọn kò bá gbọ́ yé, ẹ jẹ́ ká jù ú nù, ká wá òmíràn.