Àrokò Tí A Kò Mọ Ìtumọ̀ Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní Iléṣà tí mo rò pé ó yẹ kí n kọ sílẹ̀ kí ó tó di ìjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni wọ́n ní kí ó gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kalẹ̀ fún ìdánwò. Dípò kí ó ya àwòrán tàbí kí ó gbẹ́ igi, ńṣe ni ó ń ti mọ́ṣáláṣí kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń kó kẹ́tù àlùwàlá tí ó ti fọ́ jọ. Ó tò wọ́n sí ìlà gbọọrọ kan níwájú ẹ̀rọ omi tí kò sun omi. Ó parí. Kò kùn wọ́n lọ́dà, kò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé tí ó ń ta aṣọ, dé ibẹ̀, ó wò ó títí, ó ní: "Ṣé ohun tí mo ń ta aṣọ san owó rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin nìyí?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu wa kò ti kò mọ́. Àwọn kan ní ìranù ni. Àwọn kan ní ó fi ohun èlò ẹ̀sìn ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń sọ pé ojú àwọn àgbà kò là ni. Èmi kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn tí wọ́n gbà pé ojú kò là ni ó sì dùn mí jù, nítorí ohun tí a ń jà lé lórí yìí, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Ní ọdún 1917, ní ìlú New York, ọkùnrin ará Faransé kan tí ń jẹ́ Marcel Duchamp ra àwo ìtọ̀ ọkùnrin, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Ó kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, R. Mutt, sí i lára, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àfihàn kan tí àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ ti ṣèlérí pé ohunkóhun tí ẹni tí ó sanwó bá mú wá ni àwọn yóò pàtẹ. Wọn kò pàtẹ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó fẹ́ bi wọ́n ni pé: ṣé ọwọ́ tí ó ṣe nǹkan ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà, àbí èrò tí a gbé wọ̀ ọ́? Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, àwọn púpọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti gbà pé èrò gan-an ni iṣẹ́ náà. Ohun tí ojú rí kàn ń jẹ́rìí rẹ̀ ni.

Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa? Ẹni tí ó fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ ní ayé àtijọ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí òun fi í ránṣẹ́ sí, nítorí ẹ̀fà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ̀rọ̀ ìfohùnṣọ̀kan, pé àwọn méjèèjì jọ wà pọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ọwọ́ tí ó dá ẹyọ owó náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ìdì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà oko, tí ṣúùkù àgbàdo àti àkísà sì wà lórí rẹ̀, kò ní sọ pé àkísà lásán ni. Ó mọ̀ pé olóhun ti fi ààlè sí i, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. (Oògùn tí àwọn kan ń so mọ́ ọn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì sí lọ́wọ́ Mùsùlùmí.) Ohun tí a ti jù nù ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí àrokò ti yàtọ̀ sí ti New York ni pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, yóò kàn kà wọ́n ni, yóò sì bi yín bóyá ẹ ń ṣe yẹ̀yẹ́ òun. Ìbínú bàbá ọmọ náà nìyẹn. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí i láì fún un ní ìtumọ̀. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tí ó ránṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń bá wí.

Owó tún dá kún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí a fi tépù lẹ̀ mọ́ ògiri, iṣẹ́ Maurizio Cattelan ará Ítálì, ní gbàǹjo ní New York ní mílíọ̀nù 6.2 dọ́là. 35 sẹ́ńtì ni wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lórí àtẹ lójú pópó. Ẹni tí ó rà á jẹ ẹ́ lójú àwọn oníròyìn, nítorí ìwé ẹ̀rí àti ìlànà bí a ó ṣe máa lẹ̀ ẹ́ ni ó rà ní tòótọ́. Àwọn baba wa Òṣómàáló, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè nítorí ṣílè díẹ̀, ìbá bú sẹ́kún. Ìnákùúnàá ni mo pe èyí. Ṣùgbọ́n iye tí ọlọ́rọ̀ san kò sọ bóyá èrò inú nǹkan jinlẹ̀ tàbí kò jinlẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dá kẹ́tù ọmọ wa lẹ́jọ́.

Òṣogbo náà ti rí irú àríyànjiyàn yìí. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier ará Jámánì dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari: ilé alámọ̀ tí ó kún fún ère, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́, tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn láti wó bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, nítorí kíkọ́ rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Àwọn ará Òṣogbo yí i sí èdè tiwọn, pé bí àwọn bá rí i, àwọn yóò yọ̀. Jimoh Buraimoh, tí ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pákó di àwòrán. Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, lu bàbà àti àlùmíníọ́mù di ìtàn. Àwọn kan tí wọ́n kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ọnà ní òyìnbó ni ó ń pọ́n àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ lé. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń jà lé lórí nígbà náà, òun náà ni àwa ń jà lé lórí yìí.

Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? Ère sìmẹ́ńtì tí Susanne Wenger, ará Austria tí ó kú ní ọdún 2009, kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn bíi Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, kò ní àṣìyé: ìsìn òrìṣà ni ó ní òun ń fi ṣe. Mùsùlùmí tí ó ní òun kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i mọ ohun tí òun kọ̀. Ẹni tí ó pè é ní ìdọ̀tí sìmẹ́ńtì lásán kò tíì mọ ohun tí ó ń kọ̀.

Ti kẹ́tù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀ tí àwọn ààfáà wa lè jiyàn lé lórí. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, irú iṣẹ́ yìí rọ̀ wá lọ́rùn ju yíya orí ènìyàn lọ.

Mo bi ọmọ náà ní ohun tí ó ní lọ́kàn. Ó ní kẹ́tù kọ̀ọ̀kan wá láti mọ́ṣáláṣí tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ti gbẹ, tí ó jẹ́ pé kànga ni wọ́n ń fà ṣe àlùwàlá. Mo ní, ṣé ó sọ fún bàbá rẹ̀? Ó ní rárá, wọ́n kọ́ àwọn pé kí àwọn má ṣàlàyé, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Mo bá mú bàbá náà padà lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, n kò sọ fún un ju pé kí ó kà wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ, ó ń fi oríkèé ìka kà á bí a ti ń ṣe lẹ́yìn ìrun. Nígbà tí ó dé orí 33, kẹ́tù tán. Ó dúró díẹ̀, ó wo ẹ̀rọ omi náà, ó wá béèrè pé mọ́ṣáláṣí wo ni wọ́n ti rí èyí tí ó gbẹ̀yìn.