Ẹ Ka Ìwé Gáráńtì Kí Ẹ Tó Ra Fèrè



Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá ra alùpùpù tuntun ní Òkìtìpupa tàbí ní Igbókọ̀dá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ náwó sí ni fèrè aláriwo, iná aláwọ̀ mèremère àti rẹ́díò. Ìwé gáráńtì tí wọ́n fún un mọ́ alùpùpù náà ńkọ́? Abẹ́ ìrọ̀rí ni ó ń gbé e sí. Èrò tèmi ni pé a ti gbé ẹrù náà sódì. Ìwé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Ohun tí yóò gba alùpùpù lọ́wọ́ iyọ̀ òkun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rà. Fèrè lè dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó àjọ tàbí owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ra alùpùpù. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, gbèsè kì í dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo gáráńtì fúnra rẹ̀. Ká ní ìwé sọ pé ọdún kan tàbí 12,000 kìlómítà, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń rin 20 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kò ní rin ju 6,240 lọ ní ọdún kan. Ọdún náà pé fún un. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí ó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́ yóò rin 600 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 20 péré ni gáráńtì rẹ̀ yóò lò kí ó tó kú, kò tilẹ̀ tó oṣù márùn-ún. Nítorí náà, bí ẹni tí ń tajà bá ní kí o san owó díẹ̀ sí i kí òun fi ọdún kan kún un, bi í léèrè pé: “Ṣé ẹ fi kìlómítà náà kún un?” Bí kò bá fi kún un, ọlọ́kadà ti sanwó afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Àwọn ìwé gáráńtì mìíràn yọ alùpùpù tí a fi ń kérò sílẹ̀ pátápátá. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí.

Gáráńtì kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Àṣìṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó wà fún. Táyà tí ó jẹ, bíréèkì tí ó tán, gílóòbù tí ó jó àti irin tí ó dípáàrà kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìlàjẹ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ òkun wa ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra, àwọn méjèèjì a sì máa jẹ irin. Ẹni tí ó bá gbé alùpùpù sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò mọ ohun tí mo ń wí. Ṣéènì, sípóòkù, nọ́ọ̀tì àti ẹnu wáyà iná ni ìpáàrà ń kọ́kọ́ mú.

Owó kékeré ni a fi ń dènà rẹ̀. Ra ìbòrí ṣéènì tí ó bò ó pátá. Ra rọ́bà tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́gáàdì iwájú, kí omi àti ẹrẹ̀ má baà ta sí ẹ́ńjìnnì. Fi gírísì pa ẹnu bátìrì. Ra irin tí ń gba ẹsẹ̀ là bí alùpùpù bá ṣubú. Bí o bá gba etí òkun kọjá, fi omi tí kò níyọ̀ ṣan alùpùpù náà, nù ún gbẹ, kí o sì ta ọ́ìlì sí ṣéènì. Pààrọ̀ ọ́ìlì ní ìgbà tí ìwé wí, kí o sì gba òǹtẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ lè pàdánù gáráńtì.

Gbogbo ohun tí mo kà yìí kò gé wáyà kankan. Fèrè aláriwo àti rẹ́díò ni ó ń mú kí mẹkáníìkì gé wáyà. Lọ́jọ́ tí iná bá kọ̀, wáyà tí a fi téèpù dì ni ẹni tí ń tajà yóò nàka sí, ilẹ̀kùn yóò sì tì.

Akoto ńkọ́? Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin akoto múlẹ̀ ní January 1, 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò. Ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orí ta ni ìkòkò lè gbà là? Akoto gidi ṣáájú fèrè.

Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ó ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ó sì pẹ́ tó bí ó ti yẹ. Ó tún ní kí ìwé tí a fún oníbàárà wà ní èdè tí ó rọrùn. Àjọ FCCPC ni ó ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò lágbára níwájú oníṣòwò. Mo ń rọ àwọn aṣáájú ẹ̀ka wa pé kí wọ́n kó àwọn tí ó fẹ́ ra alùpùpù jọ, kí wọ́n sì bá àwọn tí ń tà á ṣe àdéhùn mẹ́ta: kí wọ́n ka ìwé gáráńtì fún wa ní Yorùbá, kí ó kan ọlọ́kadà, kí wọ́n máa ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní Igbókọ̀dá níhìn-ín. Oníṣòwò tí ó bá kọ̀, kí a gbé owó wa lọ sí ibòmíràn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.