Àbàtà Tó Ṣẹ́kù ní Lẹ́kí

Ẹni tó bá wọ ọgbà ìdáàbòbò igbó tó wà ní Lẹ́kí báyìí, afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi ló máa ń sáré lọ gùn. N kò dá a lẹ́bi: 401 mítà ni gígùn rẹ̀, fótò tí wọ́n sì ti yà lórí rẹ̀ láti 2015 kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rọra rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà, kí ẹ wo omi dúdú tó dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi. Irú àbàtà bẹ́ẹ̀ ló ń gba omi òjò mọ́ra. A wá da yanrìn dí i, a kọ́lé lé e, a tún ń bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí àgbàrá fi wọ pálọ̀. Hẹ́kítà 78 péré ni Nigerian Conservation Foundation ń dáàbò bò níbẹ̀ láti 1990. Ní Sydney, láti 1879 ni ìjọba ti ya igbó etíkun sọ́tọ̀ nítòsí ìlú, ó sì ju 15,000 hẹ́kítà lọ. Kí ìjọba Èkó náà fi òfin de àbàtà tó ṣẹ́kù lọ́nà Ẹ̀pẹ́, kí àwọn tó ń ta ilẹ̀ tó dé ibẹ̀.