Ṣé ikùn ọmọ Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti ọmọ Switzerland ni?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ará orí ayélujára. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fa àga jókòó. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán kó tó kà á, torí inú oúnjẹ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan ní Switzerland tó ń jẹ́ Public Eye, àwọn àti IBFAN tó ń jà lórí oúnjẹ ọmọ ọwọ́, kó oúnjẹ ọmọdé tí Nestlé ń tà ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà jọ, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n rí bó ṣe rí, mi ò ní fi iyọ̀ sí i.

Ní Jámánì àti Britain, Cerelac alálìkámà tí wọ́n ń tà fún ọmọ oṣù mẹ́fà ò ní ṣúgà àfikún kankan. Ní Ethiopia, irú ẹ̀ kan náà ní ju gíráàmù 5 lọ nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ní Thailand, 6. Nàìjíríà ńkọ́? Ọ̀kan tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́dọ̀ tiwa ní gíráàmù 6.8. Ṣúgà oníhóró kan ò ju bíi gíráàmù 4 lọ o. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé horo méjì, nínú abọ́ kan ṣoṣo, fún ẹni tí kò tíì hu eyín tán.

Èyí tó dùn mí jù ni ti bísíkíìtì. Ní Switzerland, wọ́n ń ta oúnjẹ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tó ní adùn bísíkíìtì, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò sí ṣúgà àfikún níbẹ̀. Adùn bísíkíìtì kan náà, Cerelac ti Senegal àti South Africa, gíráàmù 6. Ṣé ẹ rí i báyìí? Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe láì fi ṣúgà sí i. Kì í ṣe pé wọ́n ṣì ń wá ọ̀nà. Wọ́n ti rí ọ̀nà, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nílé tiwọn.

Àwọn WHO ti sọ ọ́ ní 2022 pé kí wọ́n má fi ṣúgà kún oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹnu tí ẹ bá kọ́ ní adùn láti kékeré, adùn náà ni yóò máa wá kiri títí tó fi dàgbà.

Kí ni ilé iṣẹ́ náà wá sọ? Wọ́n ní òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan làwọn ń tẹ̀lé. Wọ́n ní àwọn ti fi 11% dín ṣúgà àfikún kù nínú oúnjẹ ọmọdé wọn káàkiri àgbáyé láàárín ọdún mẹ́wàá.

Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlànà Codex tí ayé ń lò fún irú oúnjẹ yìí gba ṣúgà láàyè, òfin tiwa náà ò lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Bí aládùúgbò yín bá ń da ìdọ̀tí síwájú ilé yín, tó ní kò sí òfin àdúgbò tó ní kóun má dà á, tí iwájú ilé tiẹ̀ sì mọ́ tóní-tóní, ṣé ẹ máa sọ pé ọmọlúàbí ni? Òfin ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí òfin parí sí ló yẹ kí ìwà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé òfin nìkan ló mọ̀, kò níwà nìyẹn, jàre.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ pé oòrùn ilẹ̀ wa mú, ọjà wa ò lè rí bíi ti òyìnbó. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ oòrùn.

Ẹ rántí ẹjọ́ Fijabi Adebo? Ní 2007, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ra Fanta, Sprite àti àwọn míì lọ́wọ́ Nigerian Bottling Company, ó kó wọn lọ sí Britain kó lọ tà á. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní benzoic acid inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún òfin tàwọn, wọ́n bà á jẹ́. Òfin tiwọn lọ́hùn-ún, 150 miligíráàmù nínú kìlógíráàmù kan. Tiwa, 250. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ gíga ní Èkó. Ní 2017, Adájọ́ Oyebanji ní kí NAFDAC pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ìgò pé kí ẹnikẹ́ni má pa á pọ̀ mọ́ Vitamin C, ó sì ní kí NAFDAC san mílíọ̀nù 2 náírà. Ariwo gba ìlú. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ jáde pé ohun mímu náà ò léwu, pé bí ojú ọjọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe rí wà lára ohun tó ń mú kí òdiwọ̀n yàtọ̀ síra.

Èmi ò jiyàn yẹn pátápátá. Benzoic acid ni wọ́n fi ń dènà kí nǹkan má bu, ìgò tó sì wà nínú oòrùn Ọ̀jọ̀ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú òtútù Manchester. Mo gbà. Oòrùn wo ló wá ní kí wọ́n fi ṣúgà sí oúnjẹ ọmọ oṣù mẹ́fà? Ìyẹ̀fun gbígbẹ nínú agolo ni kẹ̀!

Kì í ṣe oòrùn. Àwa ni. Wọ́n mọ̀ pé a ò ní bi wọ́n.

Ẹ wo Britain lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní ìbámu pẹ̀lú bí ṣúgà inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kó tó di ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti yára dín ṣúgà wọn kù. Àwa náà gbé owó orí tiwa jáde: náírà 10 lórí lítà kan, ì báà jẹ́ èyí tí ṣúgà inú ẹ̀ kéré tàbí èyí tó dà bí oyin. Ta ló máa wá dín in kù? Ìjọba gbowó, ilé iṣẹ́ gbé e lé wa lórí, ṣúgà jókòó sáyè ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé ìwé ni mò ń kà.

Màámi ní ṣọ́ọ̀bù prófísọ̀n kékeré kan ní Òkè-Àdó. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní SS2, ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ gbé fíríìjì onídígí fún wa, wọ́n sì fi ọ̀dà tiwọn kun iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wa dùn débi pé a ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Màámi to ọjà wọn sókè, ó wá to zóbò àti kúnú tí ìyá kan ládùúgbò máa ń ṣe sí abala ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin tó ń wá yẹ fíríìjì wò rí i, ó ní, “Mà, ẹ ò ka ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni?” Màámi ní, “Ọmọ mi, èmi ni mò ń sanwó iná o.” Ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ọ̀gá mi ni.” Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti wá gbé e lọ.

Màámi lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dá a padà. Láti ìgbà yẹn, zóbò ò wọ inú ẹ̀ mọ́.

Ẹni bá ní “ẹ má rà á, ṣé dandan ni,” ohun tí mo fẹ́ kó rò nìyẹn. Wọ́n ti ra ojú tá a fi ń wo ọjà kó tó di pé a fọwọ́ bọ àpò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé oṣù mẹ́jọ. Agolo aládùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un, torí ìpolówó ti jẹ́ kí ògì dà bí oúnjẹ ìyà lójú wọn. Owó agolo wá ga ju apá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi po ògì, ọmọ tu ú sí wọn láṣọ. Ó pò ó lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ tún tu ú. Ìgbà tó fi ṣúgà sí i ló tó gbé e mì. Èmi ò sọ pé ògì lásán tó ọmọ o, àwọn nọ́ọ̀sì náà máa ń sọ pé ká fi sóyà, ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé lílọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ahọ́n ọmọ yẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ ní Àgbárá, mo gbọ́. Wọ́n gba òyìnbó náà síṣẹ́ ní Switzerland, wọn ò sì torí ẹ̀ fún ọmọ wọn ní ṣúgà.

Àwọn kan á ní ariwo ò lè yí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà. Irọ́ ni. Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní Britain tẹ ìwé pélébé The Baby Killer jáde, lórí bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń polówó wàrà oníyẹ̀fun fún àwọn ìyá níbi tí omi ò ti mọ́, tí owó ò sì tó láti pò ó bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń bá wọn polówó a tiẹ̀ máa múra bíi nọ́ọ̀sì. Ní 1977, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọjà Nestlé. Ní 1981, WHO gbé ìlànà jáde lórí ìpolówó wàrà ọmọdé. Ní 1990, Nàìjíríà ṣe òfin tiẹ̀. Ọdún méje péré ló wà láàárín ìwé pélébé àti ìlànà. Ẹnikẹ́ni ò sùn kó jí kó di ọmọlúàbí níbẹ̀, wọ́n tì wọ́n ni.

Mo ka gbogbo èyí fún Màámi lálẹ́ àná. Wọ́n ní, “Òótọ́ lo sọ. Tí wọ́n bá wá gbé fíríìjì wọn lọ lọ́la, ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Oúnjẹ ọmọdé tó bá wà nílé yín, ẹ yí ẹ̀yìn agolo ẹ̀ síta, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ iye ṣúgà àfikún síbẹ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìlú tẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Manchester, ẹ ya tiyín náà. Ẹ fi wọ́n sábẹ́ ibí. Lọ́jọ́ Ajé, màá kó wọn jọ méjì-méjì, ti ibí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀hún, màá fi ránṣẹ́ sí NAFDAC. Èsì tí wọ́n bá fún mi, màá gbé e síbí. Tí wọn ò bá fèsì, màá gbé ìyẹn náà síbí.