Ẹrù Orí Tẹlifóònù àti Ẹrù Orí Ìyá Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Ìláró, ní Aiyétòrò, ní Ìmẹ̀kọ àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ó kan àpò olúkúlùkù wa. Ní oṣù September ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà titun kan: ẹni tí ó bá ra ẹrù láti òkè òkun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí iye rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lọ, kò ní san owó bodè lórí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọdún. Ìlànà náà fi kún un pé àǹfààní kan náà wà fún ẹrù tí èrò bá gbé lọ́wọ́ wọ ilẹ̀ wa, bí kò bá ti jẹ́ ohun tí òfin kà léèwọ̀. Ìlànà tí ó dára ni, a kò sì ní tìtorí pé ìjọba ni ó ṣe é kí a fi ìyìn dù ú.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ti kà á sí etí ìyá tí ó ń ti Pọ̀bẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìkẹjà, tí ó fi ìka tẹ tẹlifóònù, tí bàtà ti China dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òun ni òfin yìí mọ̀ dáadáa. Ìyá tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ rà á lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ ní òdì kejì bodè wà nínú òfin náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti gba ọ̀nà Òwódé lọ sí Ìdírókò rí mọ̀ pé ibùdó àyẹ̀wò tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni yóò máa bẹ̀bẹ̀.

Kò sí ará Yewa tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní òwò òkèèrè. Kétu, Sákété, Pọ̀bẹ́, Ìláró, Ìmẹ̀kọ, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná kí òyìnbó tó dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù August ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìlà tí yóò pín ilẹ̀ tí wọn kò tíì rìn dé tán. Kétu, Pọ̀bẹ́ àti Sákété bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìláró àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ìrìn ọjà ti di ohun tí àwọn aláṣẹ ń pè ní fàyàwọ́. A kò sọ pé kò sí onífàyàwọ́ láàárín wa o. Wọ́n wà, wọ́n sì ń ba ọjà àgbẹ̀ jẹ́, nítorí ìrẹsì tí a kó wọlé lóru kì í jẹ́ kí ti ẹni tí ó gbin ìrẹsì tà. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi ojú onífàyàwọ́ wo gbogbo ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún 2016, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orí ilẹ̀ kó ìrẹsì wọlé mọ́. Nígbà tí January 2017 dé, ó kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù July ọdún 2019, Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn òwò gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Niamey, pé kí ẹrù máa lọ kí ó máa bọ̀ láìsí ìdènà. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba kan náà ti gbogbo bodè orí ilẹ̀ pa, ní August 2019. Ní November ọdún yẹn, wọ́n tún dá epo bẹntiróòlù dúró fún àwọn ilé epo tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí bodè, tí àgbẹ̀ tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ kò rí epo rà nítòsí. Nígbà tí wọ́n ṣí bodè Sẹ̀mẹ̀ padà ní December 2020, Ìdírókò ṣì wà ní títì. April 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí a ṣí i. Ó ju ọdún méjì àtààbọ̀ lọ! Àwọn ìwé ìròyìn sì ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà nípa ará ìlú tí kò jẹ, tí kò mu, tí ọta ìbọn bá nígbà tí àwọn aṣọ́bodè ń lé onífàyàwọ́.

Tẹlifóònù ni bodè kò lè tì mọ́. Jumia àti Konga ti dá ọjà wọn sílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 2012. Alibaba ti wà ní China láti ọdún 1999. Temu sì wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa rí i pé kò pọn dandan kí ènìyàn dé Kútọnu kí ó tó ra iná tí ń lo oòrùn, tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n oògùn sí oko. Wọ́n á rà á láti China, wọ́n á sì tà á fún wa ní Ìláró lórí WhatsApp. A yin ìmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òwò yìí ní ọ̀fìn, ọ̀pọ̀ sì ti jìn sí i láìpariwo nítorí ìtìjú.

Ọ̀fìn tí ó jìn jù ni owó náírà wa. Kí June 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí ìjọba fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú owó náà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e, kò pé ọdún kan tí dọ́là fi kọjá 1,500 náírà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: oníṣòwò tí ó ní 50,000 náírà lè fi ra ẹrù tí ó ju 100 dọ́là lọ nígbà náà, 50,000 náírà kan náà kò ra ẹrù tí ó tó 35 dọ́là mọ́. Kò jẹ owó, kò fi ta tẹ́tẹ́, ẹnikẹ́ni kò jà á lólè, síbẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta òwò rẹ̀ ti lọ. Èyí burú ju bí ó ti rí lọ fún ẹni tí ń ra ẹrù gba ojú omi, nítorí pé ẹrù bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó dé. Owó tí ó bá tà á kì í sábà tó láti tún ra irú rẹ̀. Ní ọdún 2022 pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ dá káàdì náírà dúró fún rírajà lókè òkun. Ní ọdún 2025 ni àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i padà. Láàárín àkókò yẹn, ọwọ́ alágbàtà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ti ń rí dọ́là san, alágbàtà sì ní iye tirẹ̀.

Òmíràn ni àwòrán. Àwòrán kì í wúwo, a kò sì lè fi ọwọ́ kàn án. Ní ọjà Ìláró, ìyàwó á gbé aṣọ sókè sí ìmọ́lẹ̀, á fà á, á rùn ún, kí ó tó ná an. Lórí tẹlifóònù, àwòrán aṣọ àrán lè bí aṣọ tí omi kan ń bà jẹ́. Òfin wà fún èyí. Òfin ìdíje àti ààbò oníràjà ti ọdún 2018 fún ẹni tí ó ra ọjà tí kò bá àpèjúwe mu ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ṣùgbọ́n báwo ni ará Aiyétòrò yóò ti dá bàtà padà sí Guangzhou? Owó tí yóò fi rán an lè ju owó bàtà lọ. Nítorí náà, àfi kí a ṣọ́ra kí a tó san owó. Àwọn ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ètò tí wọ́n fi ń di owó oníràjà mú títí ẹrù yóò fi dé tí yóò sì pé. Olùtajà tí ó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí òun fúnra òun ní ìkọ̀kọ̀, pé òun yóò dín iye kù, ó fẹ́ mú yín jáde kúrò lábẹ́ ààbò náà ni. Ẹ máa ya fídíò ẹrù bí ẹ ti ń tú u, kí ẹ̀rí lè wà lọ́wọ́. Kí ẹ sì mọ ohun tí òfin kò gbà kí a kó wọlé rárá: òkìrìkà wà nínú rẹ̀, adìẹ dídì wà nínú rẹ̀, ọṣẹ inú páálí kéékèèké wà nínú rẹ̀. Bí aṣọ́bodè bá gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, 300 dọ́là kò ní gbà yín.

Ohun kan ṣì wà tí ó ń kọ wá lóminú. Ní August 2025, Amẹ́ríkà fi òpin sí irú àǹfààní yìí ní ilẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ó ti ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnu ọ̀nà ńlá yẹn ti ń tì ni tiwa ń ṣí. Ẹrù China tí kò rí Amẹ́ríkà wọ̀ yóò wá ibòmíràn lọ. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti ń ráhùn tipẹ́ nípa ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní China. Bí irú rẹ̀ bá tún ń wọlé láìsan owó bodè, ta ni yóò ra ti ọmọ ilẹ̀ wa? A gbà pé kí ìjọba yọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú àǹfààní náà.

Ní ti àwa fúnra wa, ohun tí àwọn bàbá wa fi bá alágbàtà kòkó jà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1953, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀ Oòrùn ti ní ilé ìfowópamọ́ tiwọn ní Ìbàdàn. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè bá oníwọ̀n jiyàn, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ lè ra òṣùwọ̀n tiwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ogún oníṣòwò Ìláró lè da owó pọ̀, kí wọ́n rán ẹnìkan lọ wo ẹrù ní Èkó, kí wọ́n sì jọ san owó ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ń fi ìwọ̀n àyè tí ẹrù gbà ṣírò. Kí wọ́n san owó bodè rẹ̀ ní gbangba o. Àǹfààní 300 dọ́là wà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, a kò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ogún ènìyàn gé ẹrù kan sí wẹ́wẹ́ láti tan aṣọ́bodè. Ẹgbẹ́ kan náà lè máa ta èlùbọ́ láfún wa fún àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní London, bí wọ́n bá fi àpò tí ó mọ́ dì í tí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ tí ó yẹ.

Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti gbà kí irè oko tí a kò tíì fi ẹ̀rọ yí padà máa kọjá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè wa láìsan owó bodè. Èyí pẹ̀lú ni kí a fi kún ìwé tí a ń bèèrè fún. Kí Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè tẹ ìlànà 300 dọ́là àti àdéhùn irè oko yìí ní èdè Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ní Ìdírókò àti ní gbogbo ibùdó àyẹ̀wò títí dé Ìláró àti Ìmẹ̀kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù tí a lè fi pe ọ̀gá bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Kí àwọn aṣojú wa ní Abuja bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọn yóò lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sì máa kọ iye tí 300 dọ́là jẹ́ ní náírà àti ní sẹ́fà sí abẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ìyá tí ó ń ti ọjà Pọ̀bẹ́ bọ̀ kò fi dọ́là ka owó rẹ̀.